Bàtà Tí À Ń Bọ́ ní Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú: Ǹjẹ́ Ó Ń Dá Agbésùnmọ̀mí Dúró?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé tí ọmọ ti lọ sí òkè òkun, ó sì kan gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí pé kí ó wá bá òun tọ́jú ìkókó.

Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú ní ìdájí, ní Kétu tàbí ní Òjòtá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí irú ìyá bẹ́ẹ̀. Yóò wà lẹ́yìn ọkọ̀ táksì, a óò ti di gèlè rẹ̀ le dáadáa, ẹrù méjì tí ó tóbi ràgàjì yóò sì wà nínú bùùtù. Mile 12 ni wọ́n ti ra ohun tí ó wà nínú ẹrù náà: ẹ̀lùbọ́, ẹ̀gúsí, edé, ata gígún, àti irú tí wọ́n fi ọ̀rá dì ní ìlọ́po mẹ́rin kí òórùn rẹ̀ má bàa tú àṣírí ara rẹ̀. Gbogbo ará ilé ní Ìkòsì ni kò sùn mọ́jú. Nígbà tí ìyá yìí bá dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, ọmọdébìnrin kan tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Mọ́mì, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín."

"Bàtà kẹ̀? Gèlè ńkọ́, ọmọ mi?"

"A óò kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò ni, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

Wọn yóò fọwọ́ tẹ gèlè wò, wọn yóò ní kí ó na apá méjèèjì, wọn yóò sì mú ìgò àdín àgbọn tí ó fi sínú àpò ọwọ́ rẹ̀ nítorí ọmọ tuntun, wọn yóò jù ú sínú agbọ̀n. Nígbà náà ni ìyá yóò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: "Ṣé èmi yìí ni mo jọ ẹni tí yóò fọ́ ọkọ̀?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ń béèrè rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tí wọ́n fi ń béèrè yàtọ̀: ǹjẹ́ gbogbo yíyẹ ara àti ẹrù wò yìí ń dá agbésùnmọ̀mí dúró ní tòótọ́, àbí a kàn ń dààmú àwọn ìyá arúgbó lásán?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ. Ìgbà kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wọ ọkọ̀ òfuurufú gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Kétu, tí ẹnikẹ́ni kì í wo inú àpò wọn. Láàárín ọdún 1968 sí 1972, ó lé ní 130 ìgbà tí àwọn jàǹdùkú fi ìbọn tàbí ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù já ọkọ̀ gbà ní orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n sì ń pàṣẹ fún awakọ̀ pé kí ó darí sí Kúbà tàbí ibòmíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1973, ìjọba wọn pàṣẹ pé gbogbo èrò àti gbogbo àpò ọwọ́ ni a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Jíjá ọkọ̀ gbà sì dín kù lọ́nà tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ kò wúlò fún ohunkóhun, kò mọ ìtàn. Ẹ̀rọ tí ń rí irin ń lé ẹni tí ó gbé ìbọn sá, ìyẹn kò ní iyàn.

Ohun tí ó ṣòro ni pé ọ̀tá kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá wo àwọn òfin tí ń dà yín láàmú ní pápá ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé òfin kọ̀ọ̀kan ní òkú tàbí ìpayà kan lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, bọ́ǹbù tí ó wà nínú ẹrù kan tí olówó rẹ̀ kò wọ ọkọ̀ fọ́ ọkọ̀ Air India lójú òkun, èèyàn 329 sì kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1988, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ lókè ìlú Lockerbie ní Scotland, èèyàn 270 ni ó bá a lọ, títí kan àwọn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹrù kò gbọdọ̀ lọ láìsí olówó rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Reid fẹ́ ṣáná sí bọ́ǹbù inú bàtà rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń bọ́ bàtà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ní London mú àwọn kan tí wọ́n ń pète láti po bọ́ǹbù olómi sínú ìgò ohun mímu, kí wọ́n sì gbé e wọ inú ọkọ̀ tí ń lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn wọ̀nyẹn ni ó pa àdín àgbọn yín. Òfin tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ohun olómi inú àpò ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n mìlílítà 100 lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ tuntun ti ń jẹ́ kí àwọn pápá ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dẹ ọwọ́ òfin náà. (Ẹran tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ní ibodè London jẹ́ ọ̀ràn mìíràn pátápátá. Àrùn ẹran ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀, kì í ṣe bọ́ǹbù, ẹ má sì ṣe bá aṣọ́bodè jà.)

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀nà tí olè gbà lánàá ni à ń fi ìlẹ̀kùn dí lónìí, olè náà sì mọ̀ pé a ti dí i.

Àwa náà ní Èkó kò ṣàì ní ìtàn tiwa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, nígbà tí inú ń bí gbogbo ìlú nítorí ìdìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wọ ọkọ̀ Nigeria Airways tí ń lọ láti Èkó sí Abújá, wọ́n já a gbà lójú ọ̀run, wọ́n sì gbé e balẹ̀ ní Niamey, olú ìlú Niger. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun Niger tó ya wọ inú ọkọ̀ náà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan sì kú. Ní ọdún 1993 yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà dá ìrìnnà ọkọ̀ dúró láàárín Èkó àti ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pápá ọkọ̀ wọn pé ààbò ti Èkó kò dé ìwọ̀n tí gbogbo ayé fi ọwọ́ sí. Ìtìjú ńlá ni ó jẹ́, ṣùgbọ́n ìtìjú náà wúlò, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni a tún ilé ṣe díẹ̀díẹ̀, tí ìkìlọ̀ náà sì kúrò lára ògiri.

Ìtàn tí ó jẹ mí lógún jù ni ti ọdún 2009. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 23, Umar Farouk Abdulmutallab, gba pápá ọkọ̀ Murtala Muhammed kọjá ní Ìkẹjà. Láti Gáńà ni ó ti dé. Ní Accra ni wọ́n ti fi owó lọ́wọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àpò kékeré ni ó gbé dání, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń lọ ní àkókò òtútù. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó pé; físà Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Ó gba abẹ́ ẹ̀rọ tí ń rí irin kọjá, ẹ̀rọ kò dún, nítorí pé kì í ṣe irin ni ó gbé: inú aṣọ abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rán ẹ̀tù olóró mọ́. Ó dé Amsterdam, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ kò tún dún. Ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, bí ọkọ̀ náà ti ń sún mọ́ ìlú Detroit, pẹ̀lú èèyàn bí 290 nínú rẹ̀, ó ṣáná sí i.

Ọlọ́run yọ wọ́n. Ẹ̀tù náà kò bú gbàmù bí ó ti fẹ́, iná ni ó ràn mọ́ ọn lára. Èrò kan tí ó jẹ́ ará Holland, Jasper Schuringa, fò lé e lórí ó sì dì í mú, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì sáré pa iná náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ kankan ni ó gba àwọn èèyàn yẹn là. Ẹni tí ó jókòó sí tòsí ni.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín ìbànújẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ńlá pápá ọkọ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1979, pápá ọkọ̀ Amsterdam ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe. Nítorí náà ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò ni ọmọkùnrin yẹn gbà kọjá láàárín òru kan. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀, àwa nìkan ni wọ́n nàka sí: ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Amẹ́ríkà ka orílẹ̀-èdè 14 sílẹ̀ tí a óò máa fọwọ́ tẹ ara àwọn ọmọ wọn wò ní àkànṣe, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀, Holland kò sí. Ìjọba wa fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì yí òfin náà padà ní oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń wo gbogbo ara já wá sí àwọn pápá ọkọ̀ ńlá wa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa òbí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, èyí tí ó fi ju oṣù kan lọ kí ọkọ̀ yẹn tó gbéra, bàbá ọmọ náà, Alhaji Umaru Mutallab, ẹni tí ó ti jẹ́ mínísítà rí, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ nídìí iṣẹ́ báńkì, dìde lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Abújá. Ó sọ fún wọn pé ọmọ òun ti yí padà, pé ó ti já ara rẹ̀ gbà kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, pé ilẹ̀ Yemen ni ó wà, àti pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wá a padà wá sílé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ rò ó. Àwa tí a máa ń wí pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, èwo nínú wa ni yóò wọ ọkọ̀ láti Kétu lọ fi orúkọ ọmọ tí ó bí sílẹ̀ níwájú òyìnbó? Mo ti gbọ́ tí àwọn obìnrin ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní àwọn yóò kọ́kọ́ gba ààwẹ̀. Àwọn kan ní àwọn yóò pe ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ. Èmi kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà nínú wọn, nítorí pé ìfun abiyamọ kì í gbọ́ ẹjọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, bàbá yẹn kò ta ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó tí ó pariwo síta, ẹ kò lè ní ó tú àṣírí ilé.

Kí ni wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ṣi orúkọ ọmọ náà kọ, lẹ́tà kan péré ni wọ́n fò, nítorí náà nígbà tí wọ́n wá inú ìwé wọn, wọn kò rí i pé físà tiwọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gígùn àwọn tí a ń fura sí, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sínú ìwé kúkúrú àwọn tí kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti kọ̀ láti fún un ní físà láti oṣù Karùn-ún ọdún náà. Gbogbo rẹ̀ ni ó wà nílẹ̀, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́wọ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ààrẹ Obama fúnra rẹ̀ gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2010 pé ìròyìn kò wọ́n wọn, pé kíkó o jọ kí wọ́n sì lóye rẹ̀ ni wọ́n ti kùnà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó gọbọi rà kò rí nǹkan kan. Bàbá arúgbó kan rí i, ó sì sọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2012, ilé ẹjọ́ ní Detroit dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ọmọ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ẹ̀rọ ti ń fọ́jú, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2015, àwọn aṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà pa ara dà bí èrò, wọ́n sì gbìyànjú láti gbé ìbọn àti bọ́ǹbù irọ́ kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ààbò wọn ní àwọn pápá ọkọ̀ ilẹ̀ wọn. Nínú ìgbà 70 tí wọ́n gbìyànjú, ìgbà 67 ni wọ́n là á kọjá. Wọ́n yọ olórí iṣẹ́ náà kúrò nípò ní kíá. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ìyẹn sọ pé kí a kó ẹ̀rọ dànù: ẹni tí ń pète ibi kò mọ̀ bóyá òun yóò wà lára àwọn 67 tàbí lára àwọn 3, ìbẹ̀rù yẹn nìkan sì máa ń mú kí ó fi irin sílẹ̀, kí ó máa wá ẹ̀tù tí kì í tètè gbiná. Ìdí nìyẹn tí ti Detroit kò fi bú.

Nílé tiwa, ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ọmọdékùnrin kan wọ inú àyè táyà ọkọ̀ òfuurufú ní Benin, ó sì bá a dé Èkó láàyè, láìsí tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ọkùnrin kan gun ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbéra ní Ìkẹjà, tí àwọn èrò ń wò ó láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń ké pe Olúwa. Àwọn méjèèjì kò ní bọ́ǹbù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kí a rò. Ìyá tí ó ń lọ sí London bọ́ bàtà. Ẹni tí ó gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé kò bọ́ nǹkan kan.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn ará inú ilé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọ ọkọ̀ ní Kánò pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láti lọ ṣe Ọ́mírà. Lẹ́yìn tí ó ti wọ ọkọ̀ tán, àwọn kan tí iṣẹ́ wọn ń mú wọn wọ ibi tí a ń kó ẹrù sí lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò mìíràn tí oògùn tramadol wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Saudi ni wọ́n ti mú un, ibẹ̀ ni wọ́n sì tì í mọ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2019, lẹ́yìn tí àṣírí àwọn oníṣẹ́ ibi náà tú. Oògùn ni wọ́n fi sí i. Ẹni tí ó lè fi oògùn sí i lè fi ohun mìíràn sí i. Kò sí ẹ̀rọ tí ń yẹ ọkàn òṣìṣẹ́ wò, owó oṣù tí ó tó jẹun àti ọ̀gá tí ń ṣọ́ni ni ó súnmọ́ ọn jù.

Ọ̀rọ̀ kù síbi kan. Bí a bá tilẹ̀ ti gbogbo ẹnu ọ̀nà pápá ọkọ̀ pa, níbo ni agbésùnmọ̀mí yóò lọ? Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ní Brussels, ibi tí èrò ti ń tò láti gba ìwé ìjókòó, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò, ni wọ́n ti ju bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọn kò lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Abújá. Gáréèjì Nyanya ni wọ́n lọ, ní àárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ó sì lé ní èèyàn 70 tí ó kú. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ohun kan bú ní Apapa níbí, ní Èkó wa. Wọ́n kọ́kọ́ ní gáàsì ni, kí olórí Boko Haram tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, inú ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti pa àwọn olùjọ́sìn, àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá wà ní Mile 12, láàárín ọkọ̀ akẹ́rù tí ń já tòmátì àti àlùbọ́sà, tí àwọn alábàárù ń pariwo "Ẹ yà o!", tí èrò bọ́ọ̀sì tò lọ bí okùn, mo máa ń rántí pé kò sí ẹ̀rọ kankan níhìn-ín. Èmi kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa fi ojú burúkú wo oníṣòwò tí ó kó ata wá láti Òkè Ọya. Àwọn agbésùnmọ̀mí yìí ti pa nínú tiwọn jìnnà ju tiwa lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé aláàárù tí ó mọ àpò tí kò ní olówó, olórí ọjà tí ó mọ ẹni tí ó gba ṣọ́ọ̀bù lánàá, àti ìyá oúnjẹ tí ó ṣàkíyèsí ọmọkùnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ni ẹ̀ṣọ́ wa. Ó kù kí ìjọba rí i pé nígbà tí wọ́n bá sọ ohun tí wọ́n rí, ẹni tí yóò gbọ́ wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, kò sì ní ṣi orúkọ kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ òkè òkun lọ́dún yìí, ẹ fi àdín àgbọn sínú ẹrù ńlá, kì í ṣe sínú àpò ọwọ́. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ di ẹrù yín. Ẹ ka iye àpò tí ẹ ní, kí ẹ ní kí ọmọ fi fóònù ya àwòrán wọn kí ẹ tó fi wọ́n lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà yín bóyá iye rẹ̀ bá ti àpò yín mu. Bí obìnrin kan tí ẹ kò mọ̀ rí bá sì sún mọ́ yín lórí ìlà, tí ó kúnlẹ̀, tí ó ní: "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìdì kékeré yìí fún ọmọ mi tí yóò pàdé yín ní London, ẹ̀lùbọ́ lásán ni," ẹ gbé e dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ọmọ mi, dìde. Mo ní ẹ̀lùbọ́ tèmi. Fún mi ní nọ́ńbà ọmọ rẹ, bí mo bá dé ọ̀hún, n óò bù fún un nínú rẹ̀."